Ẹ̀kán Ọ̀dà Láàárín Imú Airbrush àti Ike

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ra airbrush, ohun èlò kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà, tí ẹ kò tíì yọ ọ́ nínú páálí. Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀. Àkòrí tí wọ́n fún mi ni fífín lacquer, irú ọ̀dà kan tó máa ń tètè gbẹ, sára mọ́dẹ́ẹ̀lì oníke. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín kí n dín in kù díẹ̀. Ẹ̀kán ọ̀dà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: èyí tó jáde ní imú airbrush, tó fò díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, tó sì bà lé ara ike. Ìrìn àjò rẹ̀ kò tó ìpajú. Síbẹ̀, gbogbo ohun tó ń dùn mọ́ wa nídìí iṣẹ́ yìí, àti gbogbo ohun tó ń mú kéèyàn fẹ́ ju airbrush gba ojú fèrèsé, inú ìrìn àjò kékeré yẹn ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi ara yín nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì náà ni pé: nígbà tí ẹ̀kán yìí balẹ̀, ṣé ó ṣì tutù? Bí ó bá ti gbẹ lójú ọ̀nà, eruku ni ẹ ń dà sára mọ́dẹ́ẹ̀lì yín. Bí ó bá tutù jù, á ṣàn. Ohun tí à ń wá wà láàárín méjèèjì, àyè tó wà níbẹ̀ kò sì fẹ̀.

Kí ni lacquer gan-an? Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìgò kékeré náà: lẹ́búlẹ́bú àwọ̀, resin tó máa di àwọ̀ náà mú, àti olómi tó yọ́ resin ọ̀hún. Bí lacquer bá ń gbẹ, kò sí idán kankan níbẹ̀: olómi fò lọ, àwọ̀ àti resin ṣẹ́ kù. Enamel kò rí bẹ́ẹ̀. Enamel ń gba oxygen láti inú afẹ́fẹ́, resin rẹ̀ á wá so kọ́ra, bó bá sì ti gbó tán, tínà rẹ̀, ìyẹn olómi tí a fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, kò ní lè sọ ọ́ di ọ̀dà mọ́. Lacquer a máa padà sẹ́yìn. Ẹ kán tínà sára lacquer tó ti gbẹ láti ọdún méjì, á tún di ọ̀dà lójú yín. Oore rẹ̀ nìyẹn, wàhálà rẹ̀ náà nìyẹn. Màá padà síbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò tàn yín jẹ. Mr. Color tí GSI Creos ń ṣe ní Japan, ìgò LP ti Tamiya, Gaianotes, MRP láti Slovakia, SMS láti Ọsirélíà, gbogbo wọn la ń pè ní lacquer. AK ti Sípéènì pe Real Colors tirẹ̀ ní acrylic lacquer, ẹni tó bá sì rí "acrylic" á rò pé omi ló máa fi fọ̀ ọ́. Resin acrylic ni ọ̀pọ̀ lacquer òde òní ní nínú, ṣùgbọ́n inú olómi tó lágbára ni wọ́n yọ́ ọ sí. Tamiya X àti XF náà ń jẹ́ acrylic, síbẹ̀ ó ń fara mọ́ tínà lacquer dáadáa, kódà èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ló ti ń dára jù lọ. Ọ̀nà tí mo fi ń dá wọn mọ̀ rọrùn: kí ló ń yọ́ ọ lẹ́yìn tó ti gbẹ? Bí tínà lacquer bá yọ́ ọ tí white spirit (tí a fi ń po enamel) kò sì ṣe é ní nǹkan, mo ti mọ irú ẹni tí mo bá pàdé.

Nítorí ìkánjú ni wọ́n ṣe ṣe lacquer òde òní. Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀dà ara ọkọ̀ kan lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbẹ tán. Ní 1923 ni DuPont àti General Motors gbé Duco jáde, lacquer tí wọ́n fi nitrocellulose ṣe, tí wọ́n sì fi kun mọ́tò Oakland. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ di ọ̀rọ̀ wákàtí. Airbrush ti wà ní tirẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Láti nǹkan bí 1879 ni Abner Peeler ti ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n àwọ̀ ní Iowa, àwòrán ló sì ń fi kùn, kì í ṣe ọkọ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì oníke ló dé gbẹ̀yìn: 1936 ni ilé iṣẹ́ Frog gbé Penguin jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké ní òṣùwọ̀n 1/72, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi gùn jù wọ́n lọ nígbà 72. Mo mẹ́nu ba ìtàn yìí nítorí ohun kan. Àwọn tó ṣe lacquer fẹ́ kó gbẹ kíákíá lára irin tó tóbi tó yàrá. Àwa wá ń fín in láti inú ihò tó fẹ̀ ní 0.3 mm sára ìyẹ́ tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ìkánjú tó ran àwọn yẹn lọ́wọ́ ni àwa ń tọrọ pé kó ṣe sùúrù díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, kí ẹ lè rí ìdí tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu. Bí ọ̀dà yín bá nípọn tó 0.05 mm, tí kò tiẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan, lára ọkọ̀ òfuurufú 1/72, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ nígbà 72. Ó di 3.6 mm. Lára 1/48, ó jẹ́ 2.4 mm. Ta ló rí ọkọ̀ òfuurufú tí ọ̀dà rẹ̀ nípọn tó báyẹn rí? Ìlà tó wà láàárín abala irin méjì á kún dí. Orí ìdè kéékèèké tí ẹni tó gbẹ́ móòdù náà fi gbogbo sùúrù rẹ̀ gbẹ́ á rì. Ìdí tí mo fi yan lacquer nìyẹn: bí olómi rẹ̀ bá ti lọ tán, ohun tó ṣẹ́ kù tín-ín-rín gan-an ni, ó sì máa ń sún mọ́ ike bí ó ti ń gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ike kàn wàyí. Polystyrene ni ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì wa. Ohun tó ń yọ́ lacquer ń yọ́ polystyrene náà, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí ń sọ tí wọ́n bá ní lacquer "ń bu ike jẹ" nìyẹn. Kì í ṣe pé ó jókòó lé ike lórí, ó wọra pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí téèpù kì í fi í ṣí i kúrò bó ṣe ń ṣí acrylic tí a fi omi pò. Ṣùgbọ́n bíbu jẹ ní ìwọ̀n.

Èmi fojú ara mi rí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tínà tí wọ́n ń po ọ̀dà mọ́tò ni mo rà, nítorí owó. Agolo ńlá, owó kékeré, mo ní mo gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Mo po ọ̀dà àwọ̀ eérú, mo fín in sára ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tí mo ti fi oṣù kan yọ́ bí ọmọ tuntun. Nígbà tí mo fi máa padà wò ó, ojú ìyẹ́ náà ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, etí rẹ̀ ẹ̀yìn tó tín-ín-rín sì ti ká sókè. Mo gbìyànjú sáńpépà. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Láti ìgbà náà, tínà olówó pọ́ọ́kú ń bẹ nílé mi o, ṣùgbọ́n airbrush ni mo fi ń fọ̀, kì í kan ike.

Kí ló ṣe ìyàtọ̀ láàárín tínà méjì tí wọ́n jọ ń rùn bákan náà? Ohun tí wọ́n pò pọ̀ nínú wọn. Acetone ń hó ní nǹkan bíi 56°C. Toluene ń hó ní nǹkan bíi 111°C, butyl acetate ní nǹkan bíi 126°C. Àwọn oníkẹ́míkà ka ìyára tí butyl acetate fi ń fò lọ sí 1, wọ́n sì ń fi wọn àwọn yòókù. Acetone ju 5 lọ lórí òṣùwọ̀n yẹn. Tínà tí acetone pọ̀ nínú rẹ̀ á bu ike jẹ jinlẹ̀, á sì tún sá lọ kí ọ̀dà tó ráyè tẹ́jú. Ìyà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú tínà tí wọ́n ṣe fún mọ́dẹ́ẹ̀lì, wọ́n a máa dín agbára bíbu ike jẹ yẹn kù. Nínú Mr. Leveling Thinner, wọ́n tún fi èròjà tó ń dá gbígbẹ dúró sí i, kí ọ̀dà lè rí àyè na ara rẹ̀ kó tó dì. Bí wọ́n bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo tó sọ mí di ẹni tó ń kun nǹkan dán, n kò ní dárúkọ airbrush mi. Tínà tó ń lọ́ra ni màá dárúkọ.

Ó dáa. Báwo la ṣe ń pò ó? Ọ̀dà ìdá kan, tínà ìdá kan, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ fún Mr. Color. Bí mo bá fẹ́ kó dán, tàbí tí mo fẹ́ fa ìlà tóóró, tínà á di ìdá méjì, nígbà mìíràn á kọjá bẹ́ẹ̀. MRP àti Alclad, lacquer aláwọ̀ irin, ti wá ní pípò tẹ́lẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun kún un. Ṣùgbọ́n ìdá yìí ìtọ́sọ́nà lásán ni, nítorí ìgò tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ ti pàdánù lára olómi rẹ̀. Ohun tí mo ń wò ni ara ife: mo á fi igi kékeré fa ọ̀dà náà gòkè lára ògiri ife, kó sọ̀kalẹ̀ bíi wàrà, kó fi àwọ̀ fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí ó bá fi bọ̀lọ̀jọ̀ sílẹ̀, ó ki. Bí ògiri bá mọ́ kedere bí ẹni pé nǹkan kan kò gba ibẹ̀ kọjá, ó ti ṣàn jù.

Agbára afẹ́fẹ́ ńkọ́? Psi 15, tó sún mọ́ bar kan, ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mi. Bí ọ̀dà bá ṣàn tí mo sì sún mọ́ ike, mo lè lọ sí 10. Bí mo bá ń fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ bíi Mr. Surfacer, mo lè gòkè dé 20. Ẹ wo òǹkà náà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń jáde, ẹ má wò ó nígbà tí bọ́tìnnì wà lókè, torí ó máa ń wálẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè afẹ́fẹ́, bó bá ní táǹkì, ń fún afẹ́fẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Èyí tí kò ní, ẹ̀ ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù lára ìlà tí ẹ̀ ń fà. Ẹ sì fi ohun tó ń gba omi sílẹ̀ sára ọ̀nà afẹ́fẹ́ yín, nítorí ẹ̀kán omi kan láàárín lacquer dídán á ba ọjọ́ yín jẹ́.

Ẹ̀yin ará, ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Pípò, agbára afẹ́fẹ́, jíjìnnà, ìyára ọwọ́: ẹ má kọ́ wọn bí ẹ̀kọ́ mẹ́rin. Ohun kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá fi tínà kún un, ẹ̀kán náà á balẹ̀ ní tútù sí i. Bí ẹ bá gbé afẹ́fẹ́ sókè, ẹ̀kán á kéré sí i, ohun tó kéré á sì tètè gbẹ. Bí ẹ bá jìnnà sí ike, ẹ ti fa ìrìn àjò náà gùn, olómi ń sá lọ lójú ọ̀nà. Bí ọwọ́ yín bá yára, ohun tó balẹ̀ kò pọ̀ tó láti para pọ̀. Nítorí náà, bí nǹkan bá ń gbẹ jù, ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ ní láti tún un ṣe, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó há sórí psi nìkan ń fi ẹsẹ̀ kan rìn nígbà tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó balẹ̀ dáadáa? Ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ara ra ojú ike. Bí ọ̀dà bá ti ń balẹ̀, ẹ ó rí dídán omi tó ń tẹ̀ lé ọwọ́ yín lọ. Kódà ọ̀dà tí kì í dán bó bá gbẹ a máa dán nígbà tó bá tutù. Kí dídán yẹn dúró níwọ̀n ìgbà tí ẹ fi máa mí lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó wá rọra pa. Bí ẹ kò bá rí i rárá, eruku lẹ̀ ń fín. Bó bá ṣì ń dán tí ẹ sì ti tún padà sórí rẹ̀, ẹ̀ ń wá ìṣàn. N kò mọ ìwé kankan tó kọ́ mi ní èyí. Ẹni tó jókòó tì mí lọ́jọ́ kan ló ní kí n gbójú kúrò lára airbrush, kí n máa wo ike.

Ọwọ́ náà ní òfin tirẹ̀. Airbrush oníṣẹ́ méjì ni mo gbà pé ọ̀pọ̀ yín ní: títẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, fífà sẹ́yìn fún ọ̀dà. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣíwájú, òun náà ló ń kẹ́yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fín kí ẹ tó dé orí ike, ẹ kọjá rẹ̀ kí ẹ tó ti ọ̀dà pa. Ẹni tó bá jẹ́ kí bọ́tìnnì fò padà fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà sílẹ̀ ní imú, ẹ̀kán yẹn ló máa tu jáde bí itọ́ nígbà tó bá tún tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ lacquer díẹ̀, ẹ ó sì rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ gbígbẹ àti ẹ̀ṣẹ̀ títutù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ojú tó rí ṣákaṣàka bíi sáńpépà: ó gbẹ lójú ọ̀nà. Fọ́nrán tó ń fò káàkiri bí òwú aláǹtakùn: ọ̀dà ki, kò já sí ẹ̀kán mọ́, ó ń fà. Èèpo ọsàn, ìyẹn ojú tó ní kòtò kéékèèké: ẹ̀kán náà balẹ̀ ní tútù díẹ̀ ṣùgbọ́n ó dì kó tó tẹ́. Ẹsẹ̀ aláǹtakùn, tí ọ̀dà ń sá kúrò láàárín lọ sí gbogbo ìhà: ó ṣàn, ẹ sì sún mọ́ ọn jù, afẹ́fẹ́ ń lé e kiri. Ojú ẹja, ihò róbótó tí ọ̀dà kọ̀ láti wọ̀: èyí kò sí nínú òfin mi, òróró ló wà lára ike. Ìka ọwọ́ yín, tàbí ohun tí wọ́n fi ń yọ mọ́dẹ́ẹ̀lì kúrò nínú móòdù. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibì kan wà tó máa ń da ẹni tó mọṣẹ́ pàápàá láàmú: kọ̀rọ̀ tí ìyẹ́ ti pàdé ara ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ wọbẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde, ó ń yí po. Ẹ̀kán ọ̀dà ń bá a yí po títí á fi gbẹ, á sì dà síbẹ̀ bí eruku. Ẹ kọ́kọ́ ṣe kọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kékeré àti ọ̀dà tó ṣàn, kí ẹ tó jáde síta gbangba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é ní òdìkejì.

Ìyá kan tó jókòó níwájú gbé ọwọ́ sókè níbí, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dà dúdú mi a máa di funfun bí ẹni wọ́n ìyẹ̀fun sí i. Ṣé gbígbẹ nìyẹn náà?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí mo fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Rárá, mà. Nígbà tí olómi bá ń fò lọ, ó ń mú ooru lọ. Ẹ da tínà sí ọwọ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n, á tutù nini. Ojú ọ̀dà náà tutù bẹ́ẹ̀ gan-an. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, omi á sẹ̀ sórí ọ̀dà, bí ó ṣe ń sẹ̀ sára ife omi tútù, á sì wọnú lacquer kó tó dì. Funfun tí ẹ rí nìyẹn. Ẹ dúró di ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tàbí kí ẹ fi èròjà tó ń dá gbígbẹ dúró kún un kí omi lè rí àyè jáde. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fín tínà tó ń lọ́ra nìkan sí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Lacquer á tún yọ́ díẹ̀, omi á jáde, dúdú á padà. Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé lacquer a máa padà sẹ́yìn. Oore rẹ̀ lẹ rí yẹn.

Wàhálà rẹ̀ wá ni pé ìpele tó wà lókè lè jí èyí tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fín pupa tó tutù púpọ̀ sórí funfun, funfun náà á gòkè wá, pupa á di píǹkì. Èmi kì í fi ìpele títutù bẹ̀rẹ̀. Ìpele méjì bí ìkùukùu, kí ike ṣì máa hàn, kí n dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni títutù á wá dé. Decal, àwòrán fẹ́lẹ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́dẹ́ẹ̀lì, náà rí bẹ́ẹ̀: lacquer dídán tí ẹ dà lé e lórí lẹ́ẹ̀kan lè ká a jọ, àmọ́ ìkùukùu mẹ́ta kò ní ṣe é ní nǹkan. Ti ohun tó wà lábẹ́ ohun, ẹ jẹ́ kí lacquer wà nísàlẹ̀ kí enamel wà lókè. White spirit tí a fi ń po enamel tí à ń fi ṣe àfarawé ìdọ̀tí nínú ìlà kò ní fọwọ́ kan lacquer. Ẹni tó bá fín lacquer lé enamel tí kò tíì gbó á rí ọ̀dà tó hunjọ bí awọ àgbàlagbà.

Mo gbọ́dọ̀ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọ̀ irin, torí ibẹ̀ ni lacquer kò ti ní ẹlẹ́gbẹ́. Alclad àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní lẹ́búlẹ́bú irin tó kéré débi pé ojú ohun tó wà lábẹ́ wọn ni wọ́n ń fi hàn. Bẹ́ẹ̀ ni: dídán dúdú tó wà nísàlẹ̀ ni dídán fàdákà tó wà lókè. Bí dúdú bá ní èèpo ọsàn, fàdákà á ní i, á sì pariwo rẹ̀. Psi 12 sí 15, ìkùukùu lórí ìkùukùu, kí ẹ dáwọ́ dúró kó tó tó yín lójú. Dídáwọ́ dúró yẹn ló le jù. Mo ti ba ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta jẹ́ nítorí "ẹ̀ẹ̀kan sí i, kó lè dán".

Wàyí o, mo ti ń sọ láti àárọ̀ pé olómi ń sá kúrò nínú ẹ̀kán náà. Ibo ló ń sá lọ? Imú yín ni.

N kò ní fi èyí ṣàwàdà. Toluene, acetone, butyl acetate, gbogbo wọn ń mú kí orí fọ́ni, wọ́n ń mú kí òòyì kọ́ni; fífa toluene símú lọ́pọ̀ ìgbà fún ọdún gbọọrọ ń ṣe ọpọlọ àti iṣan ara léṣe. Ìbòmú eruku, èyí tí a so mọ́ etí, kò dá oru dúró rárá. Ẹ̀kán ọ̀dà nìkan ló lè mú. Ìbòmú tó ní kátírììjì carbon ni ẹ nílò, èyí tí wọ́n ṣe fún oru èròjà organic: ní Yúróòpù, ẹ wá A àti ilà búráwùn lára rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, dúdú ni. Kí àlẹ̀mọ́ tó ń gba ẹ̀kán wà níwájú rẹ̀. Carbon a máa kún. Bí ẹ bá fi í sórí tábìlì láàárín ìlò kan sí èkejì, ó ń gba oru yàrá sínú lọ. Ẹ dé e mọ́ inú nǹkan tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn tínà nínú ìbòmú, ó ti tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì dúró de òórùn náà kí ẹ tó pààrọ̀. Ẹni tó ní irùngbọ̀n, ẹ dákun, ìbòmú kò lè lẹ̀ mọ́ irun.

Ìbòmú nìkan kò tó. Ẹ ní àpótí ìfín tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde síta ilé. Èyí tó kàn ń sẹ́ ẹ tó sì ń tú u padà sínú yàrá ń gba eruku ọ̀dà, àmọ́ oru ń padà tọ àwọn tó ń sùn nínú yàrá kejì. Oru yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn. Ó sì ń gbiná: oru acetone lè mú iná nígbà tí òtútù bá tiẹ̀ dé 20 nísàlẹ̀ òdo. Nítorí náà, kò sí sìgá, kò sí iná ìdáná, kò sí fáànù tí mọ́tò rẹ̀ ń ta iná lójú ọ̀nà tí oru ń gbà jáde. Èmi a máa fi ìbòmú sójú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti fín tán, nítorí mọ́dẹ́ẹ̀lì tó ń gbẹ lórí tábìlì ṣì ń mí síta.

Fífọ airbrush kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tínà olówó pọ́ọ́kú tí mo fi ìyẹ́ ọkọ̀ mi ra ìmọ̀ rẹ̀, ibi tó wúlò nìyẹn. Ẹ dà á sínú ife, ẹ fín in jáde títí á fi mọ́, ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ nù ún láti ẹ̀yìn lọ sí ṣóńṣó kí ẹ má bàa tẹ̀ ẹ́ wọ́. Ẹ má rẹ gbogbo airbrush sínú tínà mọ́jú, rọ́bà kéékèèké inú rẹ̀ lè wú. Bí ọ̀dà bá ń hó nínú ife bí ìkòkò, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀yìn imú airbrush wọlé: ó ti dẹ̀, tàbí ó ti là. Bí ó bá ń fín sí ẹ̀gbẹ́ kan, abẹ́rẹ́ ti wọ́.

Mo ti po àwọ̀ eérú sílẹ̀ lórí tábìlì lẹ́yìn yẹn, ìdá kan sí ìdá méjì, psi 12, àpótí ìfín sì ti ń ṣiṣẹ́. Ike àlòkù wà níbẹ̀ fún gbogbo yín. Ẹni tó bá ti fi ìbòmú sójú kó máa bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni màá ní kó fa bọ́tìnnì, kó wá sọ fún mi bóyá ó tutù.